Ọwọ́ Tó Ń Yàwòrán Nínú Tẹlifíṣọ̀n

Inú ń bí mi sí gbogbo ará gúrúùpù tí àwa tá a jọ dàgbà ní lórí fóònù.

Kò sẹ́ni tó rántí ètò tẹlifíṣọ̀n tó ń kọ́ àwa ọmọdé láti yàwòrán.

A kì í rí ojú ọkùnrin tó ń yà á. Ọwọ́ rẹ̀ nìkan ló ń hàn, tó ń fi ṣọ́ọ̀kì ya ewúrẹ́ àti ọ̀kadà sára síléètì.

Ní Ìlúpéjú, èmi àti Jùwọ́nlọ àbúrò mi á jókòó sílẹ̀ ní pálọ̀, a ó máa yà á tẹ̀lé e.

Bàbá wa ò bá wa wò ó rí. Tó bá ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀, wọ́n á ní àwọn ń lọ sóko. Ó ṣì ń dùn mí.

Ẹnì kan tún kọ ọ́ pé àlá ni mo lá.

Mo pe màmá mi kí wọ́n wá jẹ́rìí sí i.

"Adéwùnmí, iná wo lẹ fi ń wo tẹlifíṣọ̀n? Iná ò tíì dé àdúgbò wa nígbà yẹn."

Mo bi wọ́n pé tẹlifíṣọ̀n pálọ̀ wa ńkọ́.

"Tẹlifíṣọ̀n tó ti bàjẹ́ ni. Bàbá yín kó inú rẹ̀ dànù, wọ́n gbé e sẹ́nu ọ̀nà yàrá, wọ́n fi kọ́tìnnì yí i ká.

"Wọn ò lọ sóko kankan. Ilé ni wọ́n wà. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni wọ́n máa ń jókòó sí."