Ta Ló Fọwọ́ Ba Róbọ́ọ̀tì Wọn?

Dẹ́rẹ́bà ń tẹ fèrè níta ilé-ìwé ní Ibafo. Ọjọ́ ìdíje pé, róbọ́ọ̀tì àwọn ọmọ ò mira.

"Mùíbì aládùúgbò mi ni! Látìgbà tá a ti jà lórí ààlà ilẹ̀ ló ti ń dọdẹ mi," Olúsànyà ń pariwo.

"Dádì, Qudrah ọmọ wọn wà nínú ẹgbẹ́ wa," Delight ọmọ rẹ̀ ń sunkún.

"Dákẹ́! Kí lo mọ̀?"

Qudrah tú ìdérí, ó tọwọ́ bọ inú rẹ̀.

"Dádì Delight, òróró ti rin gbogbo wáyà."

Delight kúnlẹ̀. "Dádì, ẹ ṣáà gbàdúrà sí i."

Olúsànyà tọwọ́ bọ àpò.

Ìgò òróró àdúrà tó wà lápò rẹ̀ ti ṣófo.

Láàárọ̀ ló dà á tán sórí róbọ́ọ̀tì náà, kí ọwọ́ Mùíbì má baà tó o.