Ẹ̀gbọ́n Tó Fi Irúgbìn Àbúrò Rẹ̀ Ṣe Yẹ̀yẹ́

Ọkùnrin kan wà tí ẹnu rẹ̀ kì í pa ọ̀rọ̀ mọ́. Bí ó bá rí arọ, yóò sín in jẹ. Bí ó bá gbọ́ àṣírí, gbogbo ayé gbọ́ nìyẹn. Òun ni àkọ́bí ìyá rẹ̀, òun sì ni ọ̀gá ilé búrẹ́dì tí bàbá wọn fi sílẹ̀ fún ìyá náà. Bó bá ti kẹ̀yìn báyìí, Ẹlẹ́yà ni àwọn òṣìṣẹ́ ń pè é.

Ìyàwó àbúrò rẹ̀, tó ń ránṣọ, ló mọ bí ẹnu náà ṣe ń ta tó. Ìgbéyàwó wọn kò tíì pé oṣù márùn-ún tí dókítà fi rí jẹjẹrẹ ní kóró ẹpọ̀n ọkọ rẹ̀, ẹni tó ń ṣọ́ ààrò nílé búrẹ́dì.

Dókítà ní, "Ara yín á yá. Ṣùgbọ́n oògùn yìí le, ó lè má jẹ́ kí ẹ bímọ mọ́. Ká tó bẹ̀rẹ̀, ẹ jẹ́ ká gba àtọ̀ yín, ká mú un dì sínú òtútù. Bó pẹ́ lọ́dún mẹ́wàá, a ṣì lè lò ó."

Ojú ti ọkọ, ó tẹjú mọ́lẹ̀. Ìyàwó ló di ọwọ́ rẹ̀ mú. "Olówó orí mi, ẹni tó bá da omi síwájú ló ń tẹ ilẹ̀ tútù. Ẹ jẹ́ ká ṣe é."

Wọ́n ṣe é. Bí ẹ̀gbọ́n ṣe gbọ́, ọ̀dọ̀ àwọn tó ń po ìyẹ̀fun ló sáré lọ. "Ẹ gbọ́ o! Àbúrò mi ti kó ọmọ rẹ̀ sínú fíríìjì! Ṣé ẹja tútù lọmọ ni?" Wọ́n rẹ́rìn-ín. Àbúrò, tí oògùn ti mú kí irun orí rẹ̀ re tán, ń gbọ́ ọ nídìí ààrò.

Ara rẹ̀ yá. Lọ́dún kẹrin, wọ́n mú àtọ̀ náà jáde láti fi ṣètò oyún. Ti àkọ́kọ́ kò dúró. Ìyàwó sunkún sórí ẹ̀rọ ìránṣọ títí aṣọ oníbàárà fi rin. Ti ẹlẹ́ẹ̀kejì dúró. Ó bí ọmọbìnrin làǹtì-lanti.

Ẹ̀rù wá ba ẹ̀gbọ́n pé ilé búrẹ́dì yóò ní ajogún mìíràn. Ó lọ bá ìyá wọn. "Màmá, ẹ lé obìnrin yẹn. Ọmọ àlè ló gbé wọlé." Ó sọ ọ́ fún àwọn tó ń wá ra búrẹ́dì pẹ̀lú. Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, kò ṣeé kó.

Ìyá pe gbogbo wọn jọ sí pálọ̀. Ìyàwó dìde, ọmọ wà lẹ́yìn rẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi, mo bọ̀wọ̀ fún yín. Ẹ jẹ́ kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ ọmọ àti ti bàbá rẹ̀ wò. Gbogbo wa la máa lọ gbọ́ èsì."

Lọ́jọ́ èsì, dókítà kà á sókè: ọkọ rẹ̀ ni bàbá ọmọ, kò sí tàbí-ṣùgbọ́n níbẹ̀. Àbúrò gbé ọmọ sókè, ó lọgun, "Ọmọ mi rèé! Ọmọ mi rèé o!" Àwọn aláìsàn tó jókòó níta pàtẹ́wọ́. Ìyàwó ń sunkún, ó ń rẹ́rìn-ín.

Ìyá nawọ́ sí àkọ́bí rẹ̀. "Kọ́kọ́rọ́ ilé búrẹ́dì dà? Ẹni tí kò lè ṣọ́ ẹnu ara rẹ̀, kí ló fẹ́ bá mi ṣọ́?" Ó gbà á, ó fi lé ìyàwó àbúrò lọ́wọ́. Àgbà tó jẹ àjẹìwẹ̀yìn, òun ló ń ru igbá rẹ̀ délé. Ọ̀gá àná bẹ̀rẹ̀ sí í wá iṣẹ́ kiri, àwọn tó mọ ẹnu rẹ̀ kò sì gbà á. Lónìí, àpò ìyẹ̀fun ló ń rù nílé búrẹ́dì ẹlòmíràn tí kò mọ ẹnu rẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ gbọ́ ìtàn yìí, ẹ fi kọ́gbọ́n: àìsàn ọmọnìkejì kì í ṣe ohun àpárá, ẹni tó bá sì ba obìnrin lórúkọ jẹ́, orúkọ tirẹ̀ ló ń bà jẹ́. Ọkùnrin tó bá fẹ́ gba ìtọ́jú tó le, kó béèrè bí yóò ṣe pa irúgbìn rẹ̀ mọ́. Ìtìjú ọjọ́ kan kò tó ohun tí a ń tìtorí rẹ̀ pàdánù ọmọ.