Òùngbẹ Ládàánì

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ má tíì fi ìtàn yìí ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni. Ẹ̀yin fúnra yín, ẹ kọ́kọ́ kà á dé òpin.

1.
Sàídì ni ládàánì mọ́ṣáláṣí àdúgbò wọn ní Ẹdẹ. Ọdún méjìlélógún ló fi pe ìrun, kò sì pẹ́ lẹ́yìn rí. Àwáwù ìyàwó rẹ̀ ló kọ́kọ́ kíyè sí i pé omi ò tó ọkọ òun mọ́. Kí oòrùn tó kan àtàrí, Sàídì á ti mu kẹ́ẹ̀gì omi kan tán, ẹnu rẹ̀ á tún gbẹ. Ó ń lọ tọ̀ ṣáá, ó sì ń joro.

"Bàbá Kaosarah, ẹ jẹ́ ká lọ sọ́sibítù."

"Ooru ni. Ta ni òùngbẹ ò gbẹ ní Ẹdẹ yìí?"

2.
Ẹ mọ̀ pé ìtọ̀ a máa ba àlùwàlá jẹ́. Lọ́jọ́ Jímọ̀ kan, ẹ̀ẹ̀mẹta ni Sàídì jáde láàárín èrò lọ ṣe àlùwàlá mìíràn. Àwọn kan rẹ́rìn-ín, ojú sì tì í. Ọgbọ́n wo ló wá dá? Ó ní òun ò ní fi omi kan ẹnu mọ́ láti àárọ̀ títí wọn á fi kí Alásàrí, kí àlùwàlá òun lè dúró. Tó bá délé, mínírà tútù mẹ́ta ló fi ń pa òùngbẹ. Ohun tó ń pa á gan-an ló ń rà mu.

3.
Àwáwù rí i tí èèrà bo ibi tí ọkọ rẹ̀ tọ̀ sí lẹ́yìnkùlé. Àyà rẹ̀ já. Bí àtọ̀gbẹ ṣe bẹ̀rẹ̀ lára ìyá tó bí Àwáwù ní Awo nìyẹn, kí wọ́n tó gé e lẹ́sẹ̀.

"Mo bẹ̀ yín, èèrà ń bo ìtọ̀ yín."

"Àwáwù, o ò gbọdọ̀ sọ ọ́ síta. Ṣé o fẹ́ kí wọ́n gba ìpè lọ́wọ́ mi ni? Tí Iléyá bá ti kọjá, a ó lọ."

Ẹ̀ẹ̀mejì ni Àwáwù dé ẹnu ọ̀nà lèmọ́mù, ẹ̀ẹ̀mejì ló padà. Báwo ni yóò ṣe tú àṣírí ọkọ rẹ̀?

4.
Iléyá ku ọjọ́ mẹ́fà. Àwáwù ń ṣa ẹ̀wà lọ́wọ́ nígbà tí ìpè Alásàrí bẹ̀rẹ̀. "Allahu Akbar" àkọ́kọ́ dún. Èkejì ń gbọ̀n. Ó gbọ́ tí nǹkan ṣubú lu ilẹ̀, ẹ̀rọ gbohùngbohùn sì dákẹ́.

Kẹ̀kẹ́ ni wọ́n fi gbé e lọ sọ́sibítù. Nọ́ọ̀sì ní ṣúgà ara rẹ̀ ti kọjá ohun tí ẹ̀rọ àwọn lè kà.

"Ìgbà wo ni òùngbẹ yìí ti bẹ̀rẹ̀, ma?"

"Ó tó oṣù mẹ́rin."

"Ẹ ò sì sọ fún ẹnì kankan?"



"Àwáwù, fún mi lómi," Sàídì ní.

Àwáwù ti gbé ife kí nọ́ọ̀sì tó ní kó má tíì fún un. Ó dúró síbẹ̀, ife lọ́wọ́, ó ń wo ètè ọkọ rẹ̀ tó ti bó. Sàídì ò sọ̀rọ̀ mìíràn mọ́. Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó ṣú, wọ́n ti sin ín.

Ẹ gbọ́ o. Kì í ṣe gbogbo òùngbẹ ni àtọ̀gbẹ. Ooru lè fà á, oògùn kan lè fà á, kíndìnrín pàápàá lè fà á. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ àti ìtọ̀ ló lè sọ èyí tó jẹ́. Tí ẹ bá ń mumi tí kò tó, tí ẹ ń tọ̀ léraléra, tí ẹ sì ń rù, ẹ má fi omi du ara yín, ẹ má sì dúró de ọdún kankan. Ìwọ tí o sì mọ̀ pé ẹnì kan ń fi í pamọ́, kan ilẹ̀kùn yẹn. Àìtètè mólè, olè ń mólóko.