Màmá Má-Fọwọ́-Kàn-án

Láti ọjọ́ tí ìyá kan ti di olórí àwọn nọ́ọ̀sì ní wọ́ọ̀dù àwọn tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣiṣẹ́ abẹ fún, kò sẹ́ni tó tún pe orúkọ tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́ mọ́. Màmá Má-Fọwọ́-Kàn-án ni gbogbo ilé ìwòsàn ń pè é, nítorí ohun tó máa ń kọ́kọ́ jáde lẹ́nu rẹ̀ nìyẹn kó tó kí ènìyàn káàárọ̀.

Ní ọ̀sẹ̀ yẹn, ọ̀rọ̀ ìmọ́tótó ti kúrò ní àwàdà. Ọ̀gá àgbà ti kéde pé ẹnì kan ń bọ̀ wá yẹ àwọn wọ́ọ̀dù wò láìfi ara rẹ̀ hàn. Wọ́ọ̀dù tí ìdọ̀tí bá ti ọwọ́ ẹnikẹ́ni dé ọ̀dọ̀ aláìsàn, wọn yóò gbà á lọ́wọ́ olórí rẹ̀, olórí náà yóò sì lọ máa to káàdì àwọn aláìsàn ní yàrá ìsàlẹ̀. Màmá rí ara rẹ̀ láàárín káàdì, ẹ̀rù sì bà á.

Wàhálà ibẹ̀ ni pé ẹ̀rọ omi wọ́ọ̀dù náà ti gbẹ. Ó ti bẹ àwọn ará ọ́fíìsì àtúnṣe títí ẹ̀bẹ̀ fi sú u. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ bá mọ́ lójú lè fi oògùn apakòkòrò tó wà lẹ́nu ọ̀nà ra á kó wọlé. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ bá dọ̀tí, àfi kó sọ̀ kalẹ̀ lọ fi ọṣẹ fọ̀ ọ́ nísàlẹ̀.

Ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé, ọkùnrin kan gbé báàgì wúwo dé ẹnu ọ̀nà. Ẹsẹ̀ ṣòkòtò rẹ̀ tutù, gíríìsì dúdú sì bo ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì.

"Ẹ káàárọ̀ o, Màmá. Àwọn ọ̀gá ló rán mi..."

"Ẹ má fọwọ́ kàn án!"

Ọwọ́ ọkùnrin náà dúró lófuurufú, kò dé ara ilẹ̀kùn. Màmá wo gíríìsì, ó wo ojú ẹni tó ni ín, ara sì fu ú. Ta ló ń gbé irú ọwọ́ báyìí wá sọ́dọ̀ àwọn tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣiṣẹ́ abẹ fún, bí kì í bá ṣe ẹni tó fẹ́ dán nọ́ọ̀sì wò?

"Ẹ jẹ́ kí n fi oògùn yìí ra á."

"Ẹ rò pé n ò mọ̀ ni? Oògùn yẹn kì í ran ọwọ́ tí gíríìsì bò. Ọṣẹ àti omi tó ń ṣàn ni. Ẹ sọ̀ kalẹ̀."

"Màmá, iṣẹ́ tí mo wá ṣe gan-an ni..."

"Ẹ má sọ ọ́! Bí ẹ bá sọ ọ́, ó ti bàjẹ́ nìyẹn." Ó ṣẹ́jú sí i. Ọkùnrin náà bojú wẹ̀yìn, bóyá ẹlòmíràn ni wọ́n ń ṣẹ́jú sí.

Aláìsàn kan tí wọ́n ń pè ní Bàbá Ẹlẹ́sẹ̀ ń rẹ́rìn-ín lórí bẹ́ẹ̀dì tó sún mọ́ ilẹ̀kùn. Àná ni wọ́n gbé e dé, báńdéèjì funfun dé orúnkún, dókítà sì ti ní kí ẹnikẹ́ni má tú u.

"Ọmọ mi, ṣé o ò ní pa ọkùnrin yẹn?"

"Bàbá, ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí. Ẹ̀yin ẹ sáà máa sùn."

"Oorun kọ́ ni mo bá wá," ni bàbá náà wí.

Nígbà tí ọkùnrin náà padà dé, ọwọ́ rẹ̀ ń dán. Ó gbé báàgì kalẹ̀, ó ra oògùn sọ́wọ́, ó tún gbé báàgì náà.

"Háà! Ilẹ̀ tí gbogbo bàtà ń tẹ̀!" Màmá na ọwọ́ sí àtẹ̀gùn. "Ẹ lọ tún un fọ̀."

"Kí ni kí n wá fi gbé e, Màmá? Eyín?"

"Ẹ̀yin lẹ mọ̀."

Báàgì náà bá a sọ̀ kalẹ̀, ó ń dún bí irin tó ń bá irin jà.

Ní ọjọ́ kejì, ó fi báàgì kọ́rùn bí aṣọ ìnura, ó na ọwọ́ méjèèjì sókè bí ẹni tí ọlọ́ṣà ká mọ́, ó sì fi ìdí ti ilẹ̀kùn. Àwọn nọ́ọ̀sì pàtẹ́wọ́. Màmá wò ó lókè, ó wò ó nílẹ̀, ojú rẹ̀ wá dúró síbì kan.

"Òrùka!"

"Òrùka ìgbéyàwó mi ni!"

"Kòkòrò ò mọ ìgbéyàwó." Ó di ìka náà mú, ó sì fi àtàǹpàkò ti òrùka náà sókè díẹ̀. Gíríìsì wà lábẹ́ rẹ̀. "Ẹ ẹ̀ rí ibi tó sá pamọ́ sí! Ẹ bọ́ ọ."

Ọkùnrin náà fà á, ó yí i, kò kúrò. "Láti ọjọ́ tí ìyàwó mi ti fi sí i ni kò ti bọ́," ló sọ, ohùn rẹ̀ sì fẹ́ di ẹkún. Ó yí padà, ó bá àtẹ̀gùn lọ.

Ijó ni Màmá bá wọlé. Ọ̀dọ̀ Bàbá Ẹlẹ́sẹ̀ ló gbà lọ tààrà, ó gbá ìrọ̀rí rẹ̀ kó lè rọ̀, ó tún un tẹ́ sí i lẹ́yìn.

"Bàbá, wọ́ọ̀dù mi kò bọ́ lọ́wọ́ mi! Aláyẹ̀wò yẹn ni. Ó rò pé òun lè pa ara dà fún mi."

"O dá a mọ̀ lóòótọ́?"

"Àtìgbà tí mo ti rí ẹsẹ̀ ṣòkòtò rẹ̀."

Bàbá yíjú wo ìrọ̀rí rẹ̀.

Fóònù orí tábìlì dún. Ọ́fíìsì àtúnṣe ni.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹni tí a rán pé kó wá tún ẹ̀rọ omi yín ṣe ní òun ò wá mọ́ o. Ó ní ẹ ò jẹ́ kóun wọlé tún omi ṣe torí pé òun ò tíì fọ ọwọ́."

Kí Màmá tó gbé fóònù kalẹ̀, Bàbá Ẹlẹ́sẹ̀ ti tú báńdéèjì rẹ̀, ó ti fi ẹsẹ̀ méjèèjì tí kò ní egbò kankan sọ̀ kalẹ̀, ó sì ń na ìrọ̀rí funfun náà sí i, kó lè rí àmì àtàǹpàkò gíríìsì dúdú tó wà láàárín rẹ̀.