Ibi Tí Àlùbọ́sà Ti Wá

"Yorùbá ló ni orúkọ àlùbọ́sà!" Tíṣà nàka sí Màlámù tó ń ta á létí rélùwéè Àgbàdo. Epo ti wà lórí iná nílé Tíṣà, àlùbọ́sà ni ìyàwó rẹ̀ rán an wá rà, ìyá ìyàwó rẹ̀ sì ń retí ìṣínu.

"Albasa là ń pè é ní Kánò," Màlámù fèsì. "Ọ̀dọ̀ wa lẹ ti mú un."

Ààfáà tó ń kọjá lọ dúró. "Ẹ̀yin méjèèjì, ẹ simẹ̀dọ̀. Lárúbáwá ló ni ín."

Ni Tíṣà bá sáré relé bí ẹni tó rí góòlù he.

"Ìyá Fàsílátù, mo ti mọ ibi tí àlùbọ́sà ti wá!"

Ìyàwó rẹ̀ wo ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì tó ṣófo.

"Ó dáa. Òun fúnra rẹ̀ ńkọ́, ṣé ó ṣì ń bọ̀ lọ́nà ni?"