Orúkọ Tó Ṣáájú Lórí Ìwé Pọ́rọ́tọ́ọ̀nù

Inú bí Ọ̀gá Ọlágòkè dé góńgó. Kò tilẹ̀ dúró de dírẹ́bà. Ọ̀kadà ló gùn láti Ṣakí dé Tẹ̀dé. Rédíò ti kéde láàárọ̀ pé iléeṣẹ́ ìwádìí kan lókè òkun ti mú Olúwaṣọlá, olùkọ́ tó wà lábẹ́ rẹ̀ ní kọ́lẹ́ẹ̀jì, pé kó wá bá wọn ṣe ẹ̀rọ tó ń mú pọ́rọ́tọ́ọ̀nù sáré. Olúwaṣọlá nìkan! Lẹ́yìn ọdún mẹ́fà tó ti ń ṣiṣẹ́ lábẹ́ rẹ̀!

Bẹ́ẹ̀ orúkọ Ọlágòkè ló ṣáájú lórí ìwé ìwádìí tí wọ́n tìtorí rẹ̀ mú un, torí orúkọ àgbà ló máa ń ṣáájú ní kọ́lẹ́ẹ̀jì wọn. Èérún tíńtín inú ohun gbogbo ni pọ́rọ́tọ́ọ̀nù. Bí wọ́n bá pọ̀ jù nínú páìpù ẹ̀rọ, ṣe ni wọ́n ń ti ara wọn, wọ́n á fọ́n ká, wọ́n á sì ba ẹ̀rọ jẹ́. Ìwé náà fi hàn bí mágínẹ́ẹ̀tì ṣe lè kó wọn jọ bí wọ́n ṣe ń sáré lọ. Ọjọ́ ti pẹ́ tí àwọn onímọ̀ ti ń wá ọ̀nà náà.

Olúwaṣọlá ń bó ẹ̀gúsí níwájú ilé ìyá rẹ̀. Ó sáré kúnlẹ̀.

"Ẹ káàbọ̀, sà."

"Má kí mi! Olè ni ẹ́!" Ọlágòkè na lẹ́tà kan sí i. "Lọ́la ni lẹ́tà yìí ń lọ bá wọn. Wọ́n á gbọ́ pé o jí iṣẹ́ ọ̀gá rẹ. Ẹsẹ̀ rẹ ò ní kúrò ní Tẹ̀dé."

Ojú Olúwaṣọlá pọ́n. "Ẹ jọ̀ọ́, sà, ẹ má bà mí lórúkọ jẹ́."

"Ta ló gbà ọ́ síṣẹ́? Ta ló fún ọ ní kọ́kọ́rọ́ yàrá kọ̀ǹpútà? Ta ló ń fọwọ́ sí gbogbo ìwé tí o bá gbé wá?"

"Ẹ̀yin ni, sà."

"Orúkọ ta ló ṣáájú?"

"Tiyín ni."

"Ojú ò tì ẹ́!" Ó dùn ún wọra pé ọmọ tí òun tọ́ sọ́nà fi òun ṣe yẹ̀yẹ́ lójú gbogbo Òkè-Ògùn.

Olúwaṣọlá dìde. Inú ti ń bí òun náà.

"Ó dáa, sà. Ẹ má wulẹ̀ fi lẹ́tà ránṣẹ́." Ó tẹ fóònù rẹ̀, ó sọ òyìnbó díẹ̀ sí i, ó wá gbé e fún un. "Ọ̀gá tó mú mi nìyí. Mo ti sọ fún wọn pé ẹ ní ẹ̀yin lẹ ni iṣẹ́. Wọ́n ní tó bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ̀yin làwọn máa mú. Kẹ́ ẹ ṣáà ṣàlàyé ẹ̀ fún àwọn."

Ọlágòkè tún fìlà rẹ̀ ṣe, ó gba fóònù, ó kí òyìnbó náà dáadáa. Òyìnbó béèrè ìbéèrè kan. Nígbà tó yá, ó tún un béèrè.

Ọlágòkè fi àtẹ́lẹwọ́ bo fóònù, ó sún mọ́ Olúwaṣọlá, ó rẹ ohùn sílẹ̀, ó ní, "Kí tiẹ̀ ni wọ́n ń pè ní pọ́rọ́tọ́ọ̀nù gan-an?"