Àmín Tó Pẹ́

Mo kí yín lórúkọ Jésù, ẹ̀yin ará. Ọpẹ́ ni fún Ẹni tó jí wa láyọ̀.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ìsinmi, Pásítọ̀ Ọlátẹ́jú dá dúró níwájú kámẹ́rà nínú ṣọ́ọ̀ṣì tó ṣófo. Ó ti rẹ̀ ẹ́. Fóònù àwọn ọmọ ìjọ ló ń jọ́sìn, tó ń ṣe Àmín dípò wọn báyìí, bí wọ́n tilẹ̀ ń sùn. Ó ti pinnu pé lẹ́yìn ìsìn yìí, òun yóò fi ìwàásù sílẹ̀, nítorí kò mọ̀ bóyá ẹnikẹ́ni ń gbọ́.

"Olúwa, wo aláìsàn sàn."

"Àmín!" Gbogbo fóònù dáhùn lẹ́ẹ̀kan náà.

Lẹ́yìn tí wọ́n dákẹ́ ni ohùn kan tó há ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, tòun ti ikọ́: "Àmín o, Bàbá."

"Ta nìyẹn?"

"Èmi Ìyá Moróhunfólú ni, sà. Ẹ má bínú pé mo pẹ́. Fóònù yìí fẹ́ bá mi ṣe é, mo ní kó panu mọ́, ṣé òun ni ara ń ro ni?"

Pásítọ̀ rẹ́rìn-ín, omi bọ́ lójú rẹ̀. "Mámà, ẹ ṣílẹ̀kùn sílẹ̀. Mò ń bọ̀ wá gbàdúrà fún yín nílé."

Ó ṣì rẹ̀ ẹ́, ṣùgbọ́n ó pa kámẹ́rà, ó gbé Bíbélì, ó jáde.

Ẹ̀yin tí ẹ ń kà á, ẹ kò ní ké pe Olúwa láìrí ẹni bá yín ké. Ẹ fi ẹnu ara yín ṣe Àmín.